Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kànga mímọ́ wo ni kí a mú Màmá lọ?

Ìyá Tóbi, Drogheda
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Írẹ́lándì. Ìyá ọkọ mi ti wá kí wa láti Iléṣà, wọn ò ní pẹ́ padà mọ́. Ní ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ Tóbi bí wọ́n ṣe ń fi koríko etí omi hun àgbélébùú Brigid, ẹni mímọ́ obìnrin ilẹ̀ Írẹ́lándì. Ó gbé e wálé, ó wá sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé obìnrin náà ní kànga tí àwọn èèyàn ti ń gbàdúrà. Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti ń wí pé, "Ẹ mú mi dé ibi omi yẹn." Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ oṣù Kejì, ìsinmi tí ìjọba fi sọrí Brigid láti 2023, la fẹ́ lọ. Orúnkún ń dun Màmá, àbúrò Tóbi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Kànga wo ló dára? Kí là ń ṣe níbẹ̀, kí ni èèwọ̀? Ọmọ CAC ni Màmá, Kátólíìkì lèmi.

Ọmọ Òwá, Dundalk
Ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà, Faughart ni kí ẹ lọ. Ẹ gba ọ̀nà ńlá M1, ẹ kọjá Dundalk díẹ̀, ẹ ti dé. Àwọn ará ibí gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Brigid sí. Kànga gan-an wà lórí òkè, nínú ìtẹ́ òkú àtijọ́. Ibi tí mo fẹ́ kí Màmá dé wà nísàlẹ̀: odò kékeré kan ń ṣàn níbẹ̀, àwọn òkúta wà létí rẹ̀, òkúta kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀yà ara tirẹ̀. Ti orí wà, ti ojú wà, ti ẹ̀yìn wà. Ti orúnkún náà wà. Ibi tó ń dun èèyàn ló máa gbé sára òkúta rẹ̀, á sì gbàdúrà. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rin gbingbin lóṣù Kejì. Bàtà òjò fún gbogbo yín, kí ẹnì kan sì di Màmá lápá mú.

Baba Ìbejì, Newbridge
Tí orúnkún bá le, Kildare ni kí ẹ mú wọn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kànga náà kò jìnnà sí ọgbà ẹṣin ìjọba, àwọn ọmọ á rí ẹṣin wò. Láàárín ìlú, ẹ lè fi ìpìlẹ̀ ilé tí iná Brigid ti ń jó tẹ́lẹ̀ hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà. Àlùfáà ará Wales kan tó wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin 19 ló ń ṣọ́ iná náà, kálukú lóru tirẹ̀. Lóru ogún, wọ́n á kó igi sílẹ̀, wọ́n á ní, "Brigid, tìrẹ ló kù," iná ò sì ní kú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná náà kú nígbà tó yá, àmọ́ àwọn sísítà tún un dá ní 1993. Ìtàn yìí á wọ Tóbi lára.

Arákùnrin Lékè
Ẹ má bínú sí mi. Mo kọjá ibi irú kànga bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo rí igi tí wọ́n so àkísà mọ́ yíká, ẹ̀rù bà mí. Ṣé onígbàgbọ́ lè lọ síbẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́wà, Sligo
Lékè ọmọ mi, ìbéèrè rẹ kò burú. Lọ́dún 1704, ìjọba Írẹ́lándì tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé ẹni tí wọ́n bá mú níbi àpéjọ kànga á san ṣílè 10, ẹni tí kò bá ní owó, wọ́n á nà án lẹ́gba. Síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Ní Tobernalt níbí, orí òkúta lẹ́bàá kànga ni àlùfáà ti ń ṣe Máàsì ní bòókẹ́lẹ́ nígbà tí ìsìn Kátólíìkì di ohun tí òfin kà léèwọ̀. Títí di òní, ní Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Keje, àwọn èèyàn ti ń wọ́ débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ti àkísà: ẹni tára rẹ̀ ò dá á fi aṣọ kan omi, á fi nu ibi tó ń dùn ún, á so ó mọ́ igi. Bí aṣọ bá ṣe ń jẹrà ni àìsàn ń lọ. Ìyẹn ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin èèyàn wa: ẹ má so náílọ́ọ̀nù, ẹ má so ríbọ́ọ̀nù, ẹ má kan owó mọ́ ara igi. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà, ṣe ló máa ń fún igi lọ́rùn. Mo ti rí ẹ̀ka tó gbẹ nítorí rẹ̀, ó dùn mí. Òwú gidi ni kó jẹ́, kó má ju ìka méjì lọ.

Tí ẹ bá ń yí kànga ká gbàdúrà, apá ọ̀tún ni kí ẹ máa yí sí, bí oòrùn ṣe ń rìn. Ẹ ṣa òkúta wẹẹrẹ dání, ẹ máa ju ọ̀kan sílẹ̀ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dàrú mọ́ yín lójú. Ohun tí ẹlòmíràn bá fi sílẹ̀, ọwọ́ yín ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ fi omi bọ́jú, ẹ fi ra orúnkún, ṣùgbọ́n ẹ má fún ọmọ mu. Àgùntàn ń jẹ̀ káàkiri òkè wọ̀nyí.

Àbẹ̀kẹ́, Ennis
Ọ̀nà Liscannor, ní Clare níbí, jìn sí yín jù, n kò ní kí ẹ wá. Mo kàn fẹ́ sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́ fún mi. Kànga Brigid tiwa wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi òkúta kọ́. Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi omi, fọ́tò olóògbé ni lára ògiri, rosárì, lẹ́tà, bàtà ọmọ ọwọ́. Ìtẹ́ òkú wà lókè rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, mi ò lè lọ sílé sin ín. Ojú fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Clare ló mú mi lọ síbẹ̀. Mo gbé fọ́tò ìyá mi, tòun ti gèlè aṣọ òkè rẹ̀, sáàárín àwọn òyìnbó olóògbé wọ̀nyẹn, mo tan àbẹ́là, mo wá sunkún tí mi ò rí sun ní ilé. Ọdọọdún ni mo ń lọ wò ó. Ọ̀rinrin ti ń jẹ etí rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì hàn.

Ọmọ Òwá, Dundalk
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àbẹ̀kẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Ìyá Tóbi, mo gbàgbé ọ̀kan: lálẹ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní, ẹ ta ìborùn Màmá sórí okùn níta kó sùn síbẹ̀. Wọ́n gbà pé Brigid á kọjá lóru, á súre fún un. Ẹni tí orí bá ń fọ́ ni wọ́n máa ń fi wé lórí.

Ìyá Tóbi, Drogheda
A ti lọ, a ti bọ̀. Faughart la lọ. Ẹrẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Màmá ò lè kúnlẹ̀ sórí òkúta orúnkún, ìyá òyìnbó kan ló dá a lábàá pé kó jókòó, kó fi ọwọ́ bu omi ra á. Àwọn méjèèjì jọ jókòó, ọ̀kan ń ka rosárì, Màmá ń ka Sáàmù 23 ní Yorùbá. Ó wá sọ fún wa ohun tí kò sọ rí: ìyá rẹ̀ wà lára àwọn ọmọdé tí wọ́n mú lọ bu omi ní Òkè Òòyè ní 1930, nígbà ìsọjí Babalọlá. Tóbi bi í títí a fi délé.

Etí àdìrẹ rẹ̀ tó ti gbó ló fà ya, tó so mọ́ igi. Òwú ni o, Ìyá Ẹlẹ́wà. Ó tún bu omi sí ìgò kékeré, ó ní ti Iléṣà ni. Báwo la ṣe máa gbé e wọ bàálù?

Baba Ìbejì, Newbridge
Ẹrù abẹ́ bàálù ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe báàgì ọwọ́. Ẹ dé e le, ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ìborùn yẹn ká a mọ́ra.