Fáàfù amp mi ti jó lẹ́ẹ̀kejì: báwo gan-an lẹ ṣe ń tan tiyín, báwo lẹ ṣe ń pa á?

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí n kò sùn dáadáa. Amp onífáàfù ni mo fi ń ta gìtá, irú èyí tí gílóòbù onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní fáàfù máa ń tàn lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi tọ́jú owó kí n tó rà á. Àlòkù ni, awọ ara rẹ̀ pupa, ó ti bó níbi igun kan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná! Bí mo bá fọwọ́ kan okùn kan ṣoṣo, ara mi á yá gágá.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú fáàfù ńlá méjèèjì pọ́n bí ẹyin iná, ó sì kú. Mo ra méjì tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan tún lọ. Ni ẹni tó ń ta báàsì nínú ẹgbẹ́ olórin wa bá sọ lójú gbogbo èèyàn pé èmi ni mò ń pa á, pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan amp. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló yẹ kí n máa dúró lórí standby, súìṣì kejì tó ń jẹ́ kí fáàfù gbóná ná kí fóltì ńlá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Onílù wa bú sẹ́rìn-ín. A jiyàn títí àkókò ìdánrawò fi tán, a ò kọ orin kan. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹni tí kò ní amp onífáàfù rí láyé rẹ̀ ló ń kọ́ mi.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: màá tan súìṣì iná, màá ka oókan títí dé ọgọ́ta, kí n tó wá ṣí standby. Bí mo bá parí, màá pa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. N kì í lò ó nílòkulò. Ọ̀sán ni mò ń ṣiṣẹ́, òru nìkan ni mo ń ráyè ká orin mi sílẹ̀. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa? Ẹ má bú mi o, ẹ kọ́ mi ni.

Bàbá Okùn

Oníbáàsì yín ló jàre. Ìṣẹ́jú márùn-ún lèmi náà ń dúró. Bí fóltì ńlá bá kọ lu fáàfù nígbà tí inú rẹ̀ kò tíì gbóná, ṣe ló máa ń ṣí èèpo funfun tó wà lára kátóòdù, irin tó ń gbóná láàárín rẹ̀, kúrò. Èèpo yẹn sì ni ẹ̀mí fáàfù. Ọgọ́ta tí o ń kà yẹn kéré. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, sùúrù kò sí lára yín.

Atúnrédíòṣe

Ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ná. Àbúrò, fáàfù wo ló jó, ṣé EL34 ni àbí 6L6? Ta ló ṣètò bias rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń gba inú fáàfù kọjá nígbà tí kò sí orin, nígbà tí o fi tuntun sí i? Ṣé fíúsì jó pẹ̀lú rẹ̀? Sípíkà wo lo fi ń lò ó, ohm mélòó ni wọ́n kọ sára sípíkà, mélòó ni wọ́n kọ síbi tí o ti pílọ́ọ̀gì rẹ̀ lẹ́yìn amp? Láìmọ ìwọ̀nyí, àfọ̀ṣẹ la ó kàn máa dá.

Màmá Báàsì

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ó ṣe èmi náà rí. Lẹ́yìn òde kan, gbogbo èèyàn ń kánjú, a ò tíì pa amp tán tí wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀nà náà kò dán. Nígbà tí a délé, fáàfù kékeré kan ń hó wííwíí, èyí ńlá kan kò sì tàn mọ́. Wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ kì í fẹ́ ìgbọ̀nrìrì nígbà tó bá ṣì gbóná. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti pa á, màá jẹ́ kó tutù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ṣé ìwọ náà kì í tètè gbé e?

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Ẹ ṣé, Mà. N kì í gbé e lọ ibì kankan, inú yàrá mi ló wà. Amp mìíràn wà níbi ìdánrawò.

Bàbá Okùn, mo gbọ́ yín sà, ṣùgbọ́n mo ní sùúrù. Ọdún méjì tí mo fi tọ́jú owó, kí ni ẹ fẹ́ kí á pe ìyẹn?

Aláriwo Díẹ̀

Kọ́kọ́ tan iná, ka ọgọ́ta, ṣí standby. Bí o bá fẹ́ pa á, dín ohùn kù, ti standby, pa iná. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Atúnrédíòṣe

Aláriwo, ohun tó sọ pé òun ń ṣe náà lẹ tún sọ fún un yẹn.

Bàbá Okùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sà, ọ̀rọ̀ èèpo kátóòdù yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ fún amp gìtá. Fáàfù ràbàtà ti ilé iṣẹ́ rédíò, àwọn tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ni wọ́n ń bẹ̀rù irú ìyẹn fún. Fóltì inú amp gìtá kì í sábà ju 400 tàbí 500 lọ. Ẹ wo Fender Champ: kò ní standby rárá, súìṣì kan ṣoṣo ni, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1950 sí 1960 ṣì ń dún títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tó burú jù: bí ẹ bá fi amp sílẹ̀ lórí standby fún wákàtí kan sí méjì, kátóòdù á máa gbóná láìṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló ń sọ fáàfù di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fẹ́ sinmi fún ìgbà pípẹ́, ká pa gbogbo rẹ̀ ló dáa.

Bàbá Okùn

Kí ló dé tí wọ́n wá fi standby sí i? Ṣé àwọn tó ṣe é kò gbọ́n ni? Marshall fi sí i. Fender náà fi sí i lára Bassman.

Atúnrédíòṣe

Wọ́n gbọ́n, sà. Ó wúlò fún olórin tó fẹ́ kí amp dákẹ́ nígbà tó ń pààrọ̀ gìtá, kó má baà tún máa retí kó gbóná. Bí Marshall ṣe ní in kò ṣòro láti mọ̀: ara Bassman ni wọ́n ti wo àwòṣe JTM45, amp wọn àkọ́kọ́. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ìṣẹ́jú kan tó. Lára èyí tó ní fáàfù GZ34 tó ń sọ iná di DC, fáàfù yẹn fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé fóltì dé, nítorí náà kò sí ìdí láti máa kà á pẹ̀lú ẹ̀rù.

Bàbá Okùn

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, n kò sì tíì jó fáàfù kan rí. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀.

Màmá Báàsì

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ yìí kò tíì dáhùn ìbéèrè kankan. Fáàfù kì í ṣàdédé pọ́n bí ẹyin iná nítorí pé ẹnì kan ka ọgọ́ta dípò ọ̀ọ́dúnrún.

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

EL34 ni. Súìṣì méjì ló ní. Ti sípíkà, 8 ohm ni wọ́n kọ sára méjèèjì, wọ́n bára mu. Wáyà sípíkà gidi ni mo fi so ó, kì í ṣe wáyà gìtá, mo mọ ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí ẹni pé n kò mọ nǹkan kan.

Atúnrédíòṣe

Ó dáa bẹ́ẹ̀. N kò fojú kéré rẹ. Ìbéèrè kan ló kù: o ní òru lo máa ń ká orin sílẹ̀. Ta ló ń gbọ́ ariwo EL34 méjì lóru? Báwo lo ṣe ń ká a?

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Kò sí ariwo rárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn ní yàrá kejì, nítorí náà mo máa ń yọ pílọ́ọ̀gì sípíkà lẹ́yìn amp. Ihò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Line Out sí, ibẹ̀ ni mo ti ń mú ohùn lọ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ń dún dáadáa nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó tà á fún mi náà ló fi hàn mí.

Màmá Báàsì

Yéè! Ọmọ mi, lọ yọ pílọ́ọ̀gì amp náà lára ògiri báyìí. Má tàn án mọ́.

Bàbá Okùn

O ń lo amp onífáàfù láìsí sípíkà? Ṣé o fẹ́ jó ilé ni? Èèyàn ń jiyàn standby láti àárọ̀, o sì mọ èyí sínú!

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

N kò mọ̀ ọ́n sínú, sà, n kò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni. Mo máa ń fi master, bọ́tìnnì ohùn rẹ̀, sí 2 péré. Tí kò bá yẹ kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀, kí ni Line Out wà fún?

Atúnrédíòṣe

Kò burú, àbúrò. Ìwọ nìkan kọ́ ló ṣe é, mo ti tún bíi mélòó kan ṣe tí ọ̀rọ̀ wọn rí bákan náà. Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Fóltì ńlá ló ń jáde lára fáàfù ńlá, agbára ìṣàn rẹ̀ sì kéré. Sípíkà kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Tiransifọ́mà tó wà láàárín wọn ló ń yí i padà: fóltì á relẹ̀, ìṣàn á pọ̀, sípíkà á wá gbà á. Sípíkà yẹn ni ẹrù tí fáàfù ń tì. Bí o bá yọ ọ́ tí o tún ń ta okùn, ẹrù kò sí níbi tí wọ́n ń tì í sí mọ́. Fóltì tí kò rí ibi lọ á máa ga sókè lára tiransifọ́mà, títí á fi fò láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì fáàfù, tàbí kó dá ara tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ lu. Ibi tó bá ti fò lẹ́ẹ̀kan á di dúdú, iná á sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣeé ṣe kí fáàfù tuntun tí o rà máa kú nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti bàjẹ́ tàbí bias tí kò sí ẹni tó wò ó.

Ti Line Out: lára ọ̀pọ̀ amp, láti ibi sípíkà náà ni wọ́n ti ń mú un. Kò gba ẹrù kankan. Àwọn amp kan wà lónìí tí wọ́n kọ́ ẹrù sínú wọn, tí a lè lò láìsí sípíkà, ṣùgbọ́n àfi tí ìwé tó bá a wá bá sọ bẹ́ẹ̀ ketekete. Ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á kì í ṣe ìwé.

Ti òru tìrẹ, load box ni kí o wá, èyí tó jẹ́ 8 ohm, tí wọ́n kọ wọ́ọ̀tì tó ju ti amp rẹ lọ sára rẹ̀. Yóò gba ipò sípíkà, ohùn á sì gba ibẹ̀ lọ sínú kọ̀ǹpútà.

O kò tíì dáhùn ti fíúsì.

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Fíúsì jó nígbà àkọ́kọ́. Mo fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, kó má baà tún jó.

Atúnrédíòṣe

Ìyẹn ni kò jẹ́ kó kìlọ̀ fún ọ nígbà kejì. Fíúsì ló yẹ kó kú kí nǹkan míì má kú. Ohun tí wọ́n kọ sára amp ni kí o fi sí i, iye kan náà, irú kan náà. Bí wọ́n bá kọ T ṣíwájú nọ́ńbà rẹ̀, irú èyí tó máa ń pẹ́ kó tó já ni.

Má ra fáàfù kankan báyìí. Gbé e lọ fún oníṣẹ́ tó mọ fáàfù, kó wo tiransifọ́mà, kó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó ṣètò bias. Má ṣí i fúnra rẹ. Kapásítọ̀ inú rẹ̀ lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún fóltì mú lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ lára iná, ó sì lè pa èèyàn.

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Mo ti yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá tún un ṣe tán, báwo ni kí n wá máa tàn án?

Atúnrédíòṣe

Fọwọ́ kan wáyà sípíkà lákọ̀ọ́kọ́, kí o rí i pé ó wọlé dáadáa. Ohùn sí òdo. Tan iná, dúró bí ìṣẹ́jú kan, ṣí standby, kí o wá gbé ohùn sókè. Bí o bá parí, ohùn sí òdo, pa iná. O lè fi standby sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí o bá ń pa iná, kí fáàfù lè fa èyí tó kù nínú kapásítọ̀ tán. Bí o bá ṣèèṣì pa á, má tún tàn án lójú ẹsẹ̀, jẹ́ kó sinmi díẹ̀.

Bàbá Okùn

Èmi á ṣì máa dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n ti sípíkà yẹn, òótọ́ ló sọ. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.

Ọmọ Olókùn Mẹ́fà

Ẹ ṣé gan-an, sà. Mo ti pe oníbáàsì wa, mo sọ ti sípíkà fún un. Ó ní òun á bá mi gbé amp náà lọ ní ọjọ́ Sátidé.