Ohun tí octopus orí igi fi hàn mí nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ìmọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìbéèrè kan ni mo máa ń pín fún wọn: ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà wo ló kọ ọ́, ṣé èdè rẹ̀ já gaara, ṣé ó sọ ibi tí a ti lè kàn sí òun? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí gbogbo wọn yóò fàmì sí i pé ìkànnì náà ṣeé gbára lé.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n fi ìwé náà yẹ ìkànnì kan wò, èyí tí ó ti wà láti ọdún 1998, tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa octopus kan tí ń gbé orí igi nínú igbó ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Irọ́ gbuu ni, nítorí inú òkun ni octopus ń gbé. Ṣùgbọ́n àwòrán wà níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì wà níbẹ̀ pé kí a má jẹ̀ẹ́ kí ẹranko náà pa run. Ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ sí ẹni tó máa ń fara balẹ̀ kàwé na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn." Mo gba ìwé ọwọ́ rẹ̀, mo kà á. Kò sí ìbéèrè kan tí kò dáhùn dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìṣe náà kì í ṣe tirẹ̀: gbogbo ohun tí mo ní kí ó wá ni òpùrọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ síbẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ń kọ́ wọn.

Ìwádìí tí Sam Wineburg àti Sarah McGrew ṣe ní Yunifásítì Stanford ló là mí lójú. Wọ́n ní kí onímọ̀ ìtàn 10, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 25, àti èèyàn 10 tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ òótọ́ ìròyìn wò, díwọ̀n àwọn ìkànnì kan. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó ti ojú ìwé kan ṣoṣo, àmì tó fani mọ́ra àti orúkọ ńlá sì ṣì wọ́n lọ́nà. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Kíá ni wọ́n ti ṣí ojú ìwé mìíràn láti mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa ẹni tó ni ìkànnì náà. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi báyìí nìyẹn. Wikipedia tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kà léèwọ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà, kí wọ́n sì tọ àwọn ìwé tí a tò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù lónìí ni pé àwọn kan ti ń pe gbogbo nǹkan ní irọ́. Nígbà tí mo fi àwòrán ẹja àkúrákùdà tí ń lúwẹ̀ẹ́ lójú títì tí omíyalé bò hàn wọ́n, ọmọkùnrin kan ti ké pé, "Irọ́ ni!" kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó dákẹ́. Mo ní kó lọ wádìí rẹ̀. Ó fi àwòrán náà wá irú rẹ̀ lórí Google, ó ń yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tó jáde wò, títí ó fi kan àwòrán kan tí wọ́n yà lójú òkun, níbi tí ẹja yìí kan náà ti ń tẹ̀lé ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ó pe àwọn tó jókòó tì í, ó sì ń fi lẹ́bẹ́ ẹja inú àwòrán méjèèjì wéra fún wọn.