Ta ló ti dáná igi nínú àgọ́ kánfáàsì rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin ará ilé. Mo ra àgọ́ kánfáàsì kan, èyí tó rí roboto tó lópòó kan láàárín, ẹni tó tà á sì fi sítóòfù onígi kékeré kan pẹ̀lú páìpù ẹ̀ kún un. Èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ sùn nínú ẹ̀ nígbà òtútù yìí, àmọ́ bàbá wọn ní òun ò sùn nínú aṣọ tí iná ń jó láàárín ẹ̀, ó ní mo fẹ́ yan gbogbo wọn jẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣeé ṣe láìséwu àbí kí n wá ẹni tà á fún?

Àkàndé: Ẹ má tà á o àǹtí mi. Nǹkan àtijọ́ ni, ọ̀gá sójà Amẹ́ríkà kan, Henry Sibley, ti gba páténtì irú àgọ́ olópòó kan báyìí láti 1856, sítóòfù tó bá a lọ náà ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wò ó dáadáa bóyá òwú ni kánfáàsì yẹn lóòótọ́, torí polyester àti nylon, tí ooru bá ti kàn wọ́n báyìí wọ́n á yọ́ lé èèyàn lára. Òwú kì í yọ́, àmọ́ ó lè gbiná, kódà èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà adènà-iná sí, kẹ́míkà yẹn kàn ń fa ọwọ́ iná sẹ́yìn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí páìpù gbà jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan kàn gé ihò sára kánfáàsì ni, ẹ má dáná sí i rárá. Aṣọ tí ooru ò lè ṣe ní nǹkan, sílíkóònù tàbí fibreglass, ló yẹ kí wọ́n rán yí ihò yẹn ká, páìpù ò sì gbọdọ̀ fara kan kánfáàsì níbì kankan. Orí páìpù ní láti ga ju ṣóńṣó àgọ́ lọ, tó bá kúrú, èéfín á máa padà wọlé, iná tó ń ta á sì máa bọ́ sórí àgọ́, ẹ̀ẹ̀kan ẹ ó rí i tí àgọ́ ti dá ihò wínníwínní bí asẹ́. Ìdérí kan wà tó ní asẹ́ irin tí wọ́n máa ń fi sórí páìpù láti mú iná tó ń ta, ẹ rí i pé ó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbọ̀n ọ́n torí dọ̀tí èéfín máa ń dí i pa, tó bá sì ti dí, inú àgọ́ ni gbogbo èéfín yẹn á gbà. Ẹ fi wáyà de páìpù náà mọ́ èèkàn níta kí atẹ́gùn má bàa mì í.

Sítóòfù fúnra ẹ̀, orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, pẹ̀lú nǹkan tí iná kì í jó lábẹ́ ẹ̀ tó yọ síta dáadáa níwájú ibi tí ẹ ó ti máa ki igi bọ̀ ọ́. Ìwé tó bá a wá ló máa sọ bó ṣe yẹ kó jìnnà tó sí nǹkan mìíràn, tí ẹ ò bá rí ìwé, ẹ má jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì, báàgì tàbí ògiri àgọ́ sún mọ́ ọn ju ìdajì mítà lọ, tó bá tún lè jù bẹ́ẹ̀ ẹ jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́nu ọ̀nà o! Ibẹ̀ lẹ máa sá gbà.

Ṣadé: Ẹ fi kún un pé tí sítóòfù bá jẹ́ tuntun, ìta ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dáná sí i kó jó gan-an, torí ọ̀dà ara ẹ̀ máa ń rùn tó bá kọ́kọ́ gbóná, òórùn yẹn ò dáa fún àyà.

Bàbá Tóyè: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti ń dẹ́rù ba obìnrin yẹn jù. Èmi o, tí mo bá fẹ́ sùn, mo máa ń ki igi kún inú ẹ̀, mo á ti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, mo á yí dámpà páìpù, ìyẹn ìdérí inú páìpù tó ń dí ọ̀nà èéfín, pa, á wá máa jó jẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ooru ẹ̀ dùn bí oorun.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú sà, ohun tí ẹ sọ yìí gan-an ni mo fẹ́ bẹ Àbẹ̀kẹ́ pé kó má ṣe. Nọ́ọ̀sì ni mí. Iná tó ń jó geere tó ń mọ́lẹ̀, tí èéfín ẹ̀ ń bá páìpù lọ, ìyẹn kọ́ lẹ̀rù ń bà mí. Èyí tí wọ́n há mọ́ ni, èyí tó ń jó láìrí atẹ́gùn tó, òun ló ń pọ gáàsì olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide jáde, ẹyinná tó dà bíi pé ó ti ń kú gan-an ń mú un jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta èèyàn lójú bí èéfín. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ, ara ẹ̀jẹ̀ wa sì fẹ́ràn láti dì mọ́ ọn ju atẹ́gùn ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ìyẹn ni pé díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, púpọ̀ nínú ara. Orí fífọ́, òòyì, èébì, kó rẹ èèyàn ṣìọ̀, èèyàn á rò pé òtútù ló mú òun. Ẹni tó bá ti sùn ò ní mọ̀ rárá.

Àbúrò, ra àláàmù tó máa ń dún tí carbon monoxide bá wà nínú afẹ́fẹ́, kó o yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń dún kẹ́ ẹ tó lọ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlànà EN 50291-2 sí lára ni kó o wá, torí ti ilé lásán ni èyí tó parí sí -1, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń sùn sí àtirú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe -2 fún. Àláàmù ò rọ́pò atẹ́gùn o. Fèrèsé ìsàlẹ̀ kan àti ti òkè kan gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó. Tó bá dún, tàbí tí orí bá kàn ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo yín ẹ bọ́ síta kíá, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì látìta, kí ẹnikẹ́ni má padà wọlé lọ wá fóònù. Àti ìkòkò èédú tí wọ́n fi ń yan ẹran, kó má wọ inú àgọ́ láéláé, kódà kó ti ń tutù.

Bàbá Tóyè: Mo gbọ́, nọ́ọ̀sì wa. Ṣé ká wá sùn sínú yìnyín ni?

Ìyá Ìbejì: Rárá sà 😄 Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ wá dẹ́kun igi kíkì títí ẹyinná fi máa jó tán, dámpà ní ṣíṣí. Ilẹ̀ ló ń jí ooru ara lọ jù, nítorí náà nǹkan tó nípọn lábẹ́ yín ṣe pàtàkì ju bùláńkẹ́ẹ̀tì orí lọ. Ẹ ó tún iná dá láàárọ̀.

Àkàndé: Òótọ́ ni màmá sọ. Igi náà wà ńbẹ̀ o: igi tútù ò ní mú yín gbóná, omi ara ẹ̀ ni iná á kọ́kọ́ máa sè, èéfín ẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ inú páìpù bí ọ̀dà, ọ̀dà yẹn sì lè gbiná lọ́jọ́ kan. Igi tó ti gbẹ, tí omi ara ẹ̀ ò tó ìdá 20 nínú 100, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Igi tí wọ́n kùn lọ́dà, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ẹ má fi síbẹ̀, èéfín wọn lóró. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì ìpaná sítòsí, àti ọ̀bẹ mímú kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń sùn, ibi tọ́wọ́ àwọn ọmọ ò lè dé, tí síìpù bá há, ẹ ya kánfáàsì jáde.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni. Bàbá wọn ti ń ka gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn mi níbí, àláàmù méjì ló ní òun ń rà. Eérú ńkọ́, ṣé mo lè dà á sínú báàgì dọ̀tí láàárọ̀?

Ṣadé: Háà, rárá o. Korobá irin tó ní ìdérí, gbé e síta jìnnà sí àgọ́. Ẹyinná lè wà láàyè lábẹ́ eérú fún ọjọ́ mélòó kan.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ti gbọ́. Ìkan tó kù: a dáná sí i wò níta lánàá, omi dúdú kan ń ṣàn lára páìpù níbi tí wọ́n ti so pọ̀.

Àkàndé: Ẹnu tó kéré lẹ yí sókè yẹn. Ẹ tú u, kí ẹnu tó kéré máa wọ inú èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, omi yẹn á máa ṣàn padà sínú sítóòfù. Igi tẹ́ ẹ lò náà ò tíì gbẹ, ẹ wá òmíràn.