Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni mo ṣe lè tètè mọ ímeèlì tí kò dé?

Ọmọ Mọ́kọlá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó sáfà ímeèlì (kọ̀ǹpútà tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́) ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Postfix, ètò tó ń darí ímeèlì lórí sáfà, la ń lò. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, a fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ sáwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ọjọ́ karùn-ún ni MAILER-DAEMON (orúkọ tí sáfà fi ń jábọ̀ lẹ́tà tí kò dé) tó dá ti àwọn kan padà, ìpàdé sì ti parí. Kí ni kí n ṣe?

Àdìgún
Bí Postfix ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ẹ kò bá yí maximal_queue_lifetime (ètò tó ń sọ bí lẹ́tà ṣe máa pẹ́ tó lórí ìlà) padà, ọjọ́ 5 ló máa fi gbìyànjú kó tó sọ̀rètí nù. Kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni láàárín ìgbà yẹn, torí pé òdo ni delay_warning_time (ètò tó ń sọ ìgbà tó máa kìlọ̀ pé lẹ́tà ń pẹ́) wà. Ẹ fi sí 4h. Bí wákàtí 4 bá kọjá tí lẹ́tà ò tíì lọ, ẹni tó kọ ọ́ á gbọ́. Lójú tèmi, kò yẹ kí sáfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbára lé wà láìsí i.

Ìyá Tádé
Òótọ́ ni, àmọ́ àbúrò mi, kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí sáfà ń ṣe. Wo iwájú status=. Bó bá jẹ́ deferred, lẹ́tà náà ò tíì wọlé, sáfà yín á tún gbìyànjú. Bó bá jẹ́ bounced, wọ́n ti lé e. Nọ́ńbà dsn= á sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Èyí tó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀ ṣì lè yanjú. Èyí tó bá fi 5 bẹ̀rẹ̀, má tún kan ilẹ̀kùn yẹn mọ́: 5.1.1 ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Yọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí àwọn sáfà ńlá má baà kà yín mọ́ àwọn tó ń da spam (ímeèlì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè) sílẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọlá
Ẹ ṣeun, mà. Àmọ́ akápò wa ní òun ò rí nǹkan kan, sent pẹ̀lú 250 ló sì wà níwájú tirẹ̀ nínú lọ́ọ̀gì.

Ìyá Tádé
250 túmọ̀ sí pé sáfà tọ̀hún ti gbà á, ó sì ti di ẹrù tiwọn. Kò sọ pé ó bọ́ síwájú akápò. Ní kó yẹ àpótí spam wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń kọ tẹ̀ lé “queued as” ni kó fún ẹni tó ń bójú tó sáfà wọn. Òun ló máa fi tọpa rẹ̀.

Kẹ́hìndé L.
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí lẹ́tà tó bá wá pẹ̀lú MAIL FROM:<>. Bẹ́ẹ̀ ni ìjábọ̀ lẹ́tà tí kò dé ṣe máa ń wá, láìsí àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́. Òfìfo ni wọ́n fi í sílẹ̀ kí ìjábọ̀ méjì má baà máa dá ara wọn lóhùn láìdáwọ́ dúró. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, ẹnì kan dí i nítorí spam. Oṣù méjì gbáko la fi rò pé gbogbo lẹ́tà wa ló ń dé.

Ọmọ Mọ́kọlá
Mo ti fi sí 4h. Akápò ti rí tirẹ̀ nínú spam. Ti bàbá alága ni 4.2.2, àpótí wọn ti kún. Màá pè wọ́n lórí fóònù lálẹ́ yìí.