Ẹ bá mi wo ìṣirò ìrìn orí gíríìdì yìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù, rèé, iṣẹ́ kan sì ti dá mi dúró láti àná.

Wọ́n ní ká wá iye ìṣísẹ̀ tí róbọ́ọ̀tì máa fi rìn láti ojú kan dé òmíràn lórí gíríìdì, ìyẹn pátákó tí a pín sí ojú kéékèèké. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì nìkan ló lè gbà. Kò gbọdọ̀ gba igun kọjá. Mo kọ́kọ́ lo òfin Pythagoras tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì: láti (1,2) dé (4,6), ó fún mi ní 5. Ìdáhùn tí wọ́n ń retí ni 7. Ìgbà tí mo fi ìka tọ̀ ọ́ lórí ìwé ni mo rí i pé ìṣísẹ̀ 3 síbùú, 4 sókè ni lóòótọ́.

Mo wá yí i padà sí èyí (abs ló máa ń yọ àmì òdì kúrò lára nọ́ńbà):

abs((x2 - x1) + (y2 - y1))

Ó gbé 7 jáde, inú mi dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí mo fi (1,6) àti (4,2) dán an wò, 1 ló bọ́ síta! Mo fura pé 3 àti -4 ló ń jẹ ara wọn. Ṣé kí n fi abs sí ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó rò wọ́n pọ̀?

Ìpele tó kàn tún fi ògiri dí àwọn ojú kan. Ṣé ìṣirò yìí ṣì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àbí àfi kí n kọ́ BFS, ìyẹn ọ̀nà wíwá ọ̀nà tó kúrú jù, tó ń yẹ àwọn ojú tó súnmọ́ wò kó tó kan àwọn tó jìnnà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ kóòdù náà tán fún mi. Bí màá ṣe ronú sí i ni mo ń wá.