Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: speech therapist (ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ) wo ni kí n mú ọmọ mi lọ bá n'Íbàdàn?

Ìyá Àyọ̀: Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọmọ mi ọkùnrin kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí a kọ́kọ́ lọ bá nítòsí ilé wa, bó bá ti gbowó tán, á kó àwòrán ẹran sílẹ̀, á tan tẹlifíṣọ̀n, á ní kí n dúró síta. Ìyá ọkọ mi ní fóònù tí mò ń gbé fún un ló fà á. Àbúrò ọkọ mi pe ọmọ mi ní odi lójú gbogbo èèyàn, níbi ìkómọjáde! Wọ́n ti júwe àwọn méjì mìíràn fún mi báyìí. Ọ̀kan ń wá sílé, ó wọ́n. Ìkejì wà nílé ìwòsàn ìjọba, èrò ibẹ̀ pọ̀. Èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ ò sọ.

Màmá Tólú: Ẹ fọkàn balẹ̀. Tèmi náà pẹ́ gan-an, ó ṣàdédé ní “Mọ́mì, omi” lọ́jọ́ kan. Ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́ mọ́ báyìí. Àdúrà ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Màmá Tólú, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọ tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, àyẹ̀wò ló kàn. Etí la sì kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò.

Bàbá Káyọ̀dé: Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Kí ẹ sì yé sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ fún un.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Rárá o, bàbá. Èdè méjì kì í dí ọmọ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gé abẹ́ ahọ́n ọmọ láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n gé e.

Ìyá Àyọ̀: Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta. Etí ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, mo mọ ọmọ mi. Bí bàbá ẹ̀ bá pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé gbàgà, kíá lá yíjú. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí èyí tó ń wá sílé o.

Ìyá Ìbejì: Bí ẹ bá wà lẹ́yìn ẹ̀, tẹ́ ẹ pè é jẹ́jẹ́ ńkọ́?

Ìyá Àyọ̀: Ìyẹn, kì í dáhùn. Ẹnu mi ló máa ń wò. Agídí ni, bàbá ẹ̀ náà lágídí. Nígbà tí mo bí i, ibà pọ́njú mú un, ẹyinjú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná, wọ́n tún pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Háà, Ìyá Àyọ̀! Ibà pọ́njú tó le débi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ lè ba iṣan tó ń gbé ohùn láti etí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ gbàgà, kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ yékéyéké. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí ní UCH, ẹ sọ ti ìgbà ìbí fún wọn, kí ẹ sì bèèrè àyẹ̀wò ABR. Ọmọ á sùn, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, ẹ̀rọ á sì máa wò ó bóyá ohùn ń dé ọpọlọ. Bí wọ́n bá ṣe OAE nìkan tó sì dáa, kò tíì tó, torí inú etí nìkan nìyẹn ń wò. Lẹ́yìn náà lẹ tó máa mọ irú ẹni tẹ́ ẹ nílò. Kí onítọ̀hún ní ìwé àṣẹ MRTB, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ yìí sílẹ̀, kó sì jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í, torí ẹ̀yin lẹ máa bá ọmọ ṣe é nílé lójoojúmọ́.

Ìyá Àyọ̀: Mo gbọ́, mà. Ṣé wọ́n á bèèrè ìwé ìgbà tí mo bí i? Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ló wà, a ò sì kíra wa.

Ìyá Ìbejì: Ẹ rán bàbá ẹ̀ lọ gbà á lónìí.