Ibà pọ́njú kọ́ ni mẹ́dọ̀wú o

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní kí n yọ "mẹ́dọ̀wú" (hepatitis, àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú) kúrò nínú ohun tí mò ń túmọ̀, kí n fi "ibà pọ́njú" síbẹ̀ torí pé ìyẹn làwọn ìyá wa mọ̀, mo ti rí ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro kí n tó fèsì, torí lónìí ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ àti òróòro gan-an la ń sọ.

Ìtàn iṣẹ́ Baruch Blumberg ni mò ń túmọ̀ fáwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Àkúrẹ́ níbí. Dókítà ọmọ Amẹ́ríkà ni, New York ni wọ́n ti bí i ní 1925. Àrùn ẹ̀dọ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ ń wá o, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí àìsàn kan fi máa mú lágbájá tí ò ní mú làkáṣègbè, ló bá ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn káàkiri ayé, kódà ó dé Nàìjíríà wa yìí ní 1957. Ibi tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ wé ẹ̀jẹ̀ ló ti rí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kan, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Australia antigen ní 1965. Ẹ ò rí nǹkan, orúkọ ìlú ni wọ́n fún un torí wọn ò tíì mọ ohun tó jẹ́! Nígbà tó yá, ara ọmọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní láàbù ò yá, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò, ó sì bá nǹkan ọ̀hún níbẹ̀. Èèpo ara fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú B ni. Blumberg àti akẹgbẹ́ ẹ̀, Irving Millman, ṣe àjẹsára ẹ̀ ní 1969, Blumberg sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí "ibà pọ́njú." Àkọ́kọ́, yellow fever ni rédíò ń pè bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọn ló ń gbé ìyẹn kiri, abẹ́rẹ́ ẹ̀ sì yàtọ̀. Èkejì, ojú ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde máa ń pọ́n, tọmọ tuntun náà máa ń pọ́n, ṣé mẹ́dọ̀wú ni gbogbo wọn ní ni? Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B, ojú wọn ò ní pọ́n lọ́jọ́ kan, wọ́n á máa jẹ wọ́n á máa mu, ọdún gorí ọdún, títí ẹ̀dọ̀ á fi gan tàbí kó di jẹjẹrẹ. Tá a bá wá fi ojú sọ àrùn náà lórúkọ, ẹni tójú ẹ̀ funfun báláú á ní kò kan òun, kò ní lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì.

Àǹtí tó mú "jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀" wá, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, àmọ́ ẹ dé Ọjà Ọba kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn alágbo ṣe ń lò ó, ibà, àárẹ̀, ẹnu kíkorò, inú ìgò kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà. Èmi á fi pa mọ́ fún ìgbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń jẹ lọ lóòótọ́.

Mi ò ní purọ́, mẹ́dọ̀wú náà ní tiẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ ẹlòmíì tó gbé fáírọ́ọ̀sì yìí lè má wú rárá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀," tí mi ò kọ "ó ń ṣe mẹ́dọ̀wú." Ẹnì kan dábàá "agbárùnkiri" fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Háà, rárá o, ta ló fẹ́ fẹ́ agbárùnkiri?

Mo ka díẹ̀ fún màámi lálẹ́ àná. Wọn ò bi mí léèrè ìtumọ̀ mẹ́dọ̀wú rárá, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ẹ̀dọ̀ èwo ló wú, ẹ̀dọ̀ki àbí fùkù?" Mo ní ẹ̀dọ̀ki ni, mà. Mo ti wá fi ẹ̀dọ̀ki sí ìlà àkọ́kọ́ báyìí.